Bí Iná Iwájú Ọkọ̀ Bá Ń Ṣe Bàìbàì Lóru

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ́ ìwé kíkà, ó sì tún jẹ́ ìṣirò. Ẹ mú bírò àti ìwé yín sí tòsí.

Ọ̀rọ̀ iná iwájú ọkọ̀ la fẹ́ kà. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan onízémìjàn. Ó kan ìyá ọlọ́jà tó jókòó sórí àpò àgbàdo nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó kan àgbẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti oko nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ ro ọ̀nà tó ti Kútọnu wá, tó gba Bohicon àti Ìdáàṣà dé Ṣábẹ̀ẹ́, tó sì ń lọ sí Parakou. Ọ̀nà ọlọ́dà ni. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gígùn tó ń ti èbúté Kútọnu lọ sí ìhà àríwá ń gba ibẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí a bá ti kúrò nínú ìlú kan, òkùnkùn ló kù títí a ó fi dé ìlú mìíràn. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ á ṣẹ́ ẹ̀ka igi, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀. Lọ́sàn-án, èyí dára. Ṣùgbọ́n ewé kì í tàn lóru. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ewé náà, àfi bí iná ọkọ̀ tirẹ̀ bá tàn án. Bí iná náà kò bá jìnnà, yóò rí ewé àti ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí àyè láti dúró mọ́.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí iná jìnnà tó?

Ìṣirò rèé. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí aago eré ọkọ̀. Ẹ yọ òdo tó gbẹ̀yìn kúrò. Ẹ fi èyí tó kù ṣe ìlọ́po ara rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni iye mítà tí ọkọ̀ yóò rìn láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí ewu títí tí ọkọ̀ yóò fi dúró pátápátá lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Mítà 25 ni. Bí ó bá ń sá 60, 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Bí ó bá ń sá 90, 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81. Ẹ rí i pé eré kò tí ì di ìlọ́po méjì láti 50 dé 90, ṣùgbọ́n ìdúró ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ọ̀nà tutù, ẹ fi ìdajì kún un. Mítà 36 á wá di 54.

Ìṣirò yìí kò péye bíi ti òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ òtítọ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ sì ti ń fi kọ́ ènìyàn láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìmọ́lẹ̀. Oríṣi iná méjì ló wà níwájú ọkọ̀. Ọ̀kan ni iná kúkúrú, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní kóòdù. Ìkejì ni iná gígùn, tí wọ́n ń pè ní fáàrì. Nínú òfin ìwakọ̀ ilẹ̀ Faransé, iná kúkúrú gbọ́dọ̀ tan ọ̀nà dé mítà 30 ó kéré tán, iná gígùn sì gbọ́dọ̀ tàn án dé mítà 100. Iná kúkúrú tó dára lè ju 30 lọ. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá jẹ́ 30 péré, ẹ padà sí ìṣirò wa: ẹni tó ń sá 50 lè dúró. Ẹni tó ń sá 60 kò lè dúró. Yóò kọ lu ohun tó rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ là kedere tí bíréèkì rẹ̀ sì dára.

Tí iná náà bá wá dọ̀tí, tí mítà 30 di 20 ńkọ́? Kódà 50 ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, awakọ̀ kì í mọ̀ pé iná òun ti rẹ̀yìn, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀yìn. Ojú ń bá a mọ́ra.

Kí ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀ náà?

Ẹ̀yin ìyá mọ àtùpà dáadáa. Bí èéfín bá bo gíláàsì àtùpà, ẹ kì í lọ ra àtùpà tuntun. Ẹ kì í sì í fa òwú rẹ̀ sókè títí gíláàsì á fi sán. Aṣọ lẹ fi ń nù ún. Iná ọkọ̀ kò yàtọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku pupa ń lẹ̀ mọ́ ojú iná. Ní ìgbà òjò, ẹrẹ̀ ni. Kòkòrò alẹ́ ń kú sí i lára, wọ́n sì ń gbẹ mọ́ ọn. Kí ẹ tó gbéra lálẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́. Bí ìrìn àjò bá gùn, ẹ dúró láàárín ọ̀nà kí ẹ tún un fọ̀. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku, nítorí iyanrìn inú rẹ̀ á ha ojú iná.

Ojú iná àwọn ọkọ̀ àtijọ́, bíi Peugeot 404, gíláàsì ni. Gíláàsì kì í ṣá. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí jẹ́ ike. Oòrùn ń sun ike náà títí yóò fi di funfun bí ìkùukùu tàbí pupa rúsúrúsú. Omi àti ọṣẹ kò lè mú èyí kúrò. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó fi omi rin ín, a ó fi sáńpépà olómi tó ní nọ́ńbà 1000 ha á jẹ́jẹ́, a ó tún fi èyí tó ní nọ́ńbà 2000 ha á, lẹ́yìn náà a ó fi ọ̀rá ìdán kun ún títí yóò fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí a kun ún ní ọ̀dà aláìláwọ̀ tí oòrùn kò lè tètè bàjẹ́. Ẹni tí kò bá kun ọ̀dà yìí yóò rí i pé kò ní pẹ́ tí ìkùukùu náà á fi padà. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín nù ún. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ bí ìkùukùu náà kò bá tí ì nípọn. Ẹ má retí púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú iná náà lọ́hùn-ún, àwo dídán kan wà lẹ́yìn ampúlù. (Ampúlù ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní gílóòbù.) Àwo yìí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń dà á síwájú. Bí omi bá wọlé tó sì mú kí àwo náà dúdú tàbí kó dógùn-ún, kò sí ampúlù tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo iná náà.

Ohun tó wà nínú okùn iná

Apá yìí ni à ń fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò.

Láti inú bátìrì ni agbára ti ń gba inú okùn lọ sí ọ̀dọ̀ ampúlù. Fóòtì ni a fi ń wọn agbára náà. Bí okùn bá ti gbó, bí ìpàdé okùn bá ti dógùn-ún, fóòtì tó dé ọ̀dọ̀ ampúlù á dín kù. Ẹ wo ohun ìyanu kan: bí fóòtì bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ kò ní dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Yóò dín ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Àdánù kékeré nínú okùn ń di òkùnkùn púpọ̀ lójú ọ̀nà.

Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ jù ni okùn tó so iná mọ́ irin ara ọkọ̀. Ibẹ̀ ni agbára ń gbà padà sí bátìrì. Ìpẹtà ń jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í wò ó. Ẹ tú u, ẹ ha irin náà títí yóò fi máa dán, ẹ tún un dè kó le. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì ní ná yín ju sáńpépà kékeré kan lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí àrùn wà? Bí iná kan bá bàìbàì ju èkejì lọ, ẹ pààrọ̀ ampúlù méjèèjì síra wọn. Bí bàìbàì náà bá tẹ̀lé ampúlù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ampúlù ló ti darúgbó. Bí bàìbàì náà bá dúró sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, okùn tàbí àwo dídán ni. Bí iná méjèèjì bá ń mọ́ sí i nígbà tí ẹ bá tẹ eré sí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì ń kú lọ nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ọkọ̀ wo bátìrì, bẹ́líìtì, àti ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún bátìrì.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í wá àrùn rí. Ọjà ni wọ́n máa ń sáré lọ láti ra ampúlù tó lágbára jù. Ampúlù oníná méjì tó wọ́pọ̀ jẹ́ wáàtì 60 fún iná gígùn, 55 fún iná kúkúrú. Ẹni tó bá fi ti 100 sí i ti di ẹrù tó wúwo jù lé okùn lórí. Okùn á gbóná, ike á yọ́, ọkọ̀ sì lè gbiná. Àwọn ampúlù aláwọ̀ búlúù àti LED tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ yanturu náà ní ìṣòro tiwọn. Ampúlù LED tí a kì sínú iná tí a kò ṣe fún un sábà máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sí ibi gbogbo. Awakọ̀ á rí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ tó funfun, inú rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà jíjìn, yóò sì fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn àgbà á rántí iná aláwọ̀ ìyeyè tó wà lára ọkọ̀ láyé àtijọ́. Òfin Faransé ló pàṣẹ rẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ wọn títí di 1993. Àwọ̀ náà kò fi nǹkan kan kún ìmọ́lẹ̀. Ó ń dín in kù díẹ̀ ni.

Bí ẹ bá ra ampúlù tuntun, ẹ ra méjì. Ẹ má fi ìka kan gíláàsì rẹ̀, nítorí ọ̀rá ara wa ń mú kí ó tètè jó.

Iná tó ń wo ojú ọ̀run

Iná lè mọ́ kedere, síbẹ̀ kí ó má wo ibi tó yẹ. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí iwájú rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí iná sì jìnnà sí ògiri ní mítà 10. Kí atẹ́gùn inú táyà pé. Kí awakọ̀ jókòó sáyè rẹ̀. Ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé àárín iná, kí ẹ sì fi ẹfun fa ìlà sí ara ògiri ní gíga kan náà. Ẹ tan iná kúkúrú. Etí òkè ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 10 nísàlẹ̀ ìlà yín. Ìyẹn ni pé iná ń sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 1 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìdè kékeré kan wà lẹ́yìn iná tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tàbí gbé e sókè.

Ẹrù ńkọ́? Ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní mítà 3 ló wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn. Ẹ kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ títí ẹ̀yìn náà á fi wọlẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 6. Ẹ pín 6 sí ọ̀nà 3. Iná iwájú ti gbé orí sókè ní sẹ̀ńtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Iná tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní 1 tẹ́lẹ̀ ti wá ń gòkè ní 1. Kò ní kan ilẹ̀ mọ́ láéláé. Orí igi ló ń tàn sí, àti ojú ẹni tó ń bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, bọ́tìnnì róbótó kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tí a kọ 0, 1, 2, 3 sí lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Òun ni a fi ń tẹ iná sílẹ̀: 0 fún awakọ̀ nìkan, nọ́ńbà tó ga fún ẹrù púpọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Apá ọ̀tún ọ̀nà ni a ń gbà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Nàìjíríà náà ti ń gba ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, 1972. Nítorí náà a ṣe iná kúkúrú kí ó lè gbé orí sókè díẹ̀ ní ọ̀tún, kí ó tan etí ọ̀nà, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ní Bìrìtìkó àti Jàpáàní, apá òsì ni wọ́n ń gbà. Iná ọkọ̀ tí a ṣe fún wọn ń gbé orí sókè ní òsì. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí, etí ọ̀nà tiwa á sì ṣókùnkùn. Ara ògiri náà lẹ ó ti rí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gòkè ní òsì, kí á pààrọ̀ iná náà ló yẹ.

Ọkọ̀ olójú kan

Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kan ti kú ń jọ alùpùpù lójú ẹni tó ń bọ̀. Èyí tó léwu jù ni kí iná òsì kú, nítorí iná òsì ló wà ní ìhà àárín ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ á rò pé alùpùpù ló ń lọ ní etí ọ̀nà lọ́hùn-ún, á sún mọ́ àárín, á sì wọ inú ara ọkọ̀. Bí ampúlù kan ṣoṣo ló kù fún yín lójú ọ̀nà, ẹ fi í sí òsì, kí ẹ sì rọra wá ibi tí ẹ ó sùn.

Ti onízémìjàn tún yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ara ẹ́ńjìnnì gan-an ni iná iwájú ti ń gba agbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rìn jẹ́jẹ́, iná á bàìbàì. Bí ó bá kú, iná á kú. Nítorí náà, ẹ lẹ bébà adán mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù àti mọ́ ẹ̀wù yín. Ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ aṣọ dúdú, mítà 30 ni iná kúkúrú ti lè fi í hàn. Ẹni tó lẹ bébà adán mọ́ ara, a lè rí i láti mítà 150. Ohun kan náà ló yẹ kí ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà lò: onígun mẹ́ta pupa tó ń dán, tí a gbé sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tó jìnnà. Ewé lè tẹ̀lé e bí ẹ bá fẹ́.

Ojú awakọ̀ fúnra rẹ̀

Ẹ fọ díńgí iwájú ọkọ̀, nínú àti lóde. Ti inú ni a máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ èéfín sìgá àti èémí ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ sì ń fọ́n ká lára rẹ̀.

Bí ẹlòmíràn bá tan iná gígùn sí yín lójú, ẹ má wo iná náà. Ẹ wo etí ọ̀nà ní ọ̀tún yín, kí ẹ dín eré kù. Ojú kì í là padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń sá 90, mítà 25 lẹ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ojú sì lè ṣú fún bíi mélòó kan. Ẹ má fi iná gígùn gbẹ̀san, nítorí afọ́jú méjì á wá pàdé lójú ọ̀nà kan. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kan kì í sọ iná wọn kalẹ̀ fún onízémìjàn. Òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí alùpùpù ní ojú bíi tiwọn.

Awò ojú aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń tà fún ìwakọ̀ òru ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹ fi owó yín pamọ́. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, ojú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹyinjú bá ti ń funfun bí ìkùukùu, dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ojú á sì tún là. Ẹni tí kò ríran rárá bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ríran lọ́sàn-án, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tó jẹ́ èrò ọkọ̀, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀ lóru, ẹ rìn lọ síwájú ọkọ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó tan iná kúkúrú àti iná gígùn. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ewé kò fi tó láti kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ lóru?

2. Ọkọ̀ kan ń sá 70 lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Iná kúkúrú rẹ̀ dé mítà 40. Ǹjẹ́ ó lè dúró kó tó dé ibi tí iná rẹ̀ mọ? Bí ilẹ̀ bá tutù ńkọ́?

3. Iná ọ̀tún ọkọ̀ kan bàìbàì. Wọ́n pààrọ̀ ampúlù méjèèjì síra wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tún náà ló ṣì bàìbàì. Níbo ni ẹ ó kọ́kọ́ wò?

4. Ẹ wọn gíga iná ọkọ̀ tàbí alùpùpù kan ní àdúgbò yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ògiri bá jìnnà ní mítà 5 dípò 10, sẹ̀ńtímítà mélòó ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà?